Ìdí Tí Akika Fi Ń Kákò Mọ́ Àyà Ara Rẹ̀

Kí igbó tó di ibi tí ẹranko kọ̀ọ̀kan ti ń dá ṣọ́ orí ara rẹ̀, nígbà láéláé tí gbogbo wọn ṣì ń gbé pọ̀ ní ìlú kan lábẹ́ àwọn igi ńláńlá, òkè ni Akika ń gbé orí rẹ̀ sí bí ó bá ń rìn. Ìpẹ́ bò ó láti iwájú orí dé ṣónṣó ìrù, ìpẹ́ náà sì le ju irin lọ. Ọ̀kọ̀ kò lè gún un, eyín kò lè bù ú, iná kò lè jó o. Bí ó bá ń kọjá lọ, ìpẹ́ rẹ̀ a máa ró wàràwàrà, àwọn ọmọdé a sì máa sá tẹ̀lé e.

Òun ni olórí àwọn akọni tó ń ṣọ́ ìlú. Àwọn yòókù ni Ọ̀pọ̀lọ́ àti Alágẹmọ.

Ọ̀pọ̀lọ́ lè wú. Kì í ṣe wíwú kékeré tí ẹ mọ̀ mọ́ ọn yìí o. Bí ó bá fẹ́, a wú tó ilé. Ó lè mu odò kan gbẹ, kí ó sì tu ú jáde bí òjò. Àbùkù rẹ̀ ni pé bí ó bá ti wú, kò lè rìn mọ́. Ìgbà kan wà tí ó wú sẹ́nu ọ̀nà ààfin, tí àwọn ìjòyè kò lè jáde títí ilẹ̀ fi mọ́. Orí ìjókòó ni wọ́n sùn sí, wọ́n ń ṣépè fún ọ̀tá àti fún akọni pọ̀.

Alágẹmọ ní tirẹ̀ lè parẹ́. Pátápátá ni mo wí. Ẹ lè máa wo ojú rẹ̀ báyìí kí ó di afẹ́fẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá ojú ìjà ni ó wà tàbí orí ẹní nílé rẹ̀. Bí ìjà bá parí, a yọ lójijì, a nu ojú, a ní, "Ẹ rí i bí mo ṣe ṣe wọ́n?" Ta ni yóò sọ pé òun kò rí i?

Akọni kò sì lè wà láìní ọ̀tá. Ẹkùn ń gbé lọ́nà jíjìn, kò ráyè tiwọn. Ẹnì kan ṣoṣo tó gbà láti jẹ́ ọ̀tá ìlú ni Òkété. Kò sí ilẹ̀ tí Òkété kò lè gbẹ́, ó sì ti búra pé òun yóò gba ìlú náà lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kò mọ ọ̀nà lábẹ́ ilẹ̀ rárá. Ó gbẹ́ ihò kan kí ó lè yọ sábẹ́ ìtẹ́ ọba, ó yọ sórí ààtàn. Ó gbẹ́ òmíràn, ó yọ sí àárín ààrò ìyàwó ara rẹ̀, ìyàwó sì fi orógùn lé e jáde.

Àṣà kan wà ní ìlú náà. Akọni kì í gbé ẹsẹ̀ lọ sójú ìjà láìjẹ́ pé wọ́n ti kì í tán. Ẹyẹ Ẹ̀gà ló ń kì wọ́n, láti orí ìran bàbá dé orí ìran ìyá. Ẹni tó bá lọ láìgbọ́ oríkì rẹ̀ parí, ìlú a ní ó sáré bí ẹrú tí wọ́n rán níṣẹ́. Òkété pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá wá gbógun, a jókòó sórí òkìtì, a máa fọwọ́ nu irunmú rẹ̀ títí Ẹ̀gà yóò fi dákẹ́.

"Ẹ ò wá kì mí díẹ̀ náà?" ni ó máa ń bi wọ́n.

"Ọ̀tá kì í ní oríkì," ni Ẹ̀gà máa ń dá a lóhùn.

Òkété a sì wo ilẹ̀.

Akika ní ọmọ kan ṣoṣo, Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kú. Ìpẹ́ ọmọ náà kò tíì le, ó rọ̀ bí èékánná ọmọ ọwọ́. Nítorí náà, kí Akika tó jáde lọ láàárọ̀, a gbé e sínú ihò tó wà lára igi àràbà kan létí ìlú, a sì bi í léèrè ọ̀rọ̀.

"Àwẹ̀ró, ta ni ọ̀tá wa?"

"Òkété ni, Bàbá."

"Bí ó bá pè ọ́ ńkọ́?"

"N kò ní dá a lóhùn."

"Bí ó bá na ọwọ́ sí ọ ńkọ́?"

"Màá tún wọ inú lọ sí i."

"Ọmọ mi nìyẹn!"

Akika mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé Òkété kò lè pa ọmọ ẹnikẹ́ni lára. Ọkùnrin tí ìyàwó ń fi orógùn lé! Ṣùgbọ́n ìdáhùn ọmọ náà dùn létí rẹ̀. Bí Òkété kò bá yẹ ní bíbẹ̀rù, kí ni wọ́n wá ń ki Akika fún?

Ọyẹ́ dé lọ́dún kan, ó mú kí gbogbo nǹkan gbẹ. Koríko gbẹ, ewé gbẹ, odò di ẹrẹ̀. Àwọn ọdẹ tinábọ igbó níbi tó jìnnà, atẹ́gùn sì gbé iná náà, ó dorí kọ ìlú.

Òkété ló kọ́kọ́ rí i. Ó sáré wọ àárín ìlú lọ́sàn-án gangan, eruku bò ó, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Iná! Ẹ̀yin èèyàn mi, iná ń bọ̀!"

Inú Akika dùn. Ẹ má bínú sí i, òótọ́ ni mo ń sọ. Inú rẹ̀ dùn gidigidi. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣe akọni, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ọ̀tá rẹ̀ mú nǹkan gidi wá.

"Ó dé!" ni ó ké. "Òkété dá iná sun ìlú! Ẹ pe Ẹ̀gà!"

"Èmi kọ́ ni mo dá a!" ni Òkété wí. "Iná àwọn ọdẹ ni. Ẹ wá nǹkan ṣe!"

"Wò ó bí ó ti ń purọ́," ni Ọ̀pọ̀lọ́ wí. "Ó ti kọ́ iṣẹ́. Mo kí ọ, Òkété, o gbìyànjú lónìí."

Òkété kàn gbá orí mú. "Àwọn àgbà ní ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í lé eku. Èmi eku náà rèé o! Ẹ fi mí sílẹ̀, kí ẹ lọ pa iná!"

Ẹ̀gà ti bà lé ẹ̀ka igi, ó ń gbọn ìyẹ́ rẹ̀ gbẹ́rẹgbẹ̀rẹ. "Ta ni kí n kọ́kọ́ kì?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

"Èmi ni," ni Ọ̀pọ̀lọ́ wí. "Omi ni yóò pa iná, èmi ni mo sì ni omi."

"Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ibí," ni ohùn Alágẹmọ wí.

"Níbo lo wà?"

"Ẹ ò lè rí mi."

"Ẹni tí a kò rí ni a ó kì? Ṣé afẹ́fẹ́ ni a ń kì ni?"

"Ìwọ Ọ̀pọ̀lọ́ yìí, o kò ní ìtìjú. Ìwọ tí wọ́n ń yí bí àgbá!"

Ọ̀rọ̀ náà dun Ọ̀pọ̀lọ́. Ó bínú, bí ó sì ti ń bínú ni ó ń wú. Kò tíì mu omi kankan, afẹ́fẹ́ lásán ló kún inú rẹ̀. Ó wú, ó wú, ó há sáàárín igi méjì lójú ọ̀nà tó lọ sódò, kò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn. Àwọn tó gbé ìkòkò láti lọ pọn omi padà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ gbá a níkùn.

"Ó dára," ni Akika wí. "Ó ku èmi. Ẹ̀gà, kì mí kí n lọ."

Òkété fà á lọ́wọ́. "Akika, ọmọ rẹ ńkọ́? Ìhà igi àràbà ni atẹ́gùn ń gbé iná náà lọ."

Akika yíjú sí ìhà àràbà náà. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Nígbà náà ni Ẹ̀gà la ẹnu:

*Akika, ìpẹ́ lẹ́wù, ìpẹ́ láṣọ,*
*Ẹni tí iná rí tó yà bàrá,*
*Ọmọ ẹni tí kò fẹ̀yìn han ogun,*
*Ọmọ ẹni tí kò sá nítorí ariwo...*

Ẹsẹ̀ tí Akika gbé sókè, ó gbé e padà sílẹ̀. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé ohun tí Òkété ń wá gan-an nìyí: kí òun sá kúrò lábẹ́ oríkì, kí gbogbo ìlú fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ títí ayé. Ó yí ojú kúrò lára Òkété.

"Ọ̀tá kì í sọ òótọ́," ni ó wí.

"Ó dáa," ni Òkété wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Bí ẹ bá kì í tán, ẹ ní kí ó máa bọ̀. Èmi ń lọ." Ó bẹ́ sínú ilẹ̀, erùpẹ̀ sì bo ẹnu ihò lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ̀gà ń bá a lọ. Ó ki bàbá, ó ki bàbá bàbá. Èéfín bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ wọ àárín ìlú. Àwọn aláboyún ń wúkọ́, àwọn àgbà ń gbé ọmọ kọ́rùn. Ẹ̀gà yára kì í, ó fo orúkọ ìyá bàbá rẹ̀.

Akika gbé ọwọ́ sókè. "O fo ẹnì kan. Padà sẹ́yìn."

Ẹ̀gà padà sẹ́yìn.

Nígbà tí oríkì parí, kò sí ẹni tó kù láti pàtẹ́wọ́. Akika sáré. Ó sáré bí kò ti sáré rí, ìpẹ́ rẹ̀ ń ró wàràwàrà nínú igbó tó ṣófo. Nígbà tí yóò fi rí àràbà náà lọ́ọ̀ọ́kán, iná ti yí i ká.

Ilẹ̀ là níwájú rẹ̀. Òkété yọ jáde. Lọ́jọ́ yẹn kò ṣìnà, ìdí igi náà gan-an ni ó ti gbẹ́lẹ̀ dé. Irun rẹ̀ ti jó, eérú gbígbóná ti bo ìdajì ìrù rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

"Òun dà?" ni Akika bi í.

Òkété kò lè gbé ojú sókè.

"Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo gbẹ́ ihò dé inú igi, mo na ọwọ́ sí i. Mo ní, 'Àwẹ̀ró, máa bọ̀, ọ̀nà rèé.' Ó ní bàbá òun ní kí òun má bá mi lọ." Ikọ́ dá a dúró. "Mo bẹ̀ ẹ́, Akika. Mo pè é ní ìyá mi. Bí mo ṣe ń na ọwọ́ ni ó ń wọ inú lọ sí i, títí ọwọ́ mi kò fi tó o mọ́."

Akika wọ inú iná náà lọ. Iná kò jó o. Ó gba àárín rẹ̀ kọjá bí ẹni tó ń gba inú koríko kọjá, kò sí ohun tó ṣe é rárá. Gbogbo ohun tí Ẹ̀gà sọ nípa rẹ̀ pátá ni ó jẹ́ òótọ́.

Ó bá ọmọ náà ní ìsàlẹ̀ ihò. Iná kò tíì dé ibẹ̀. Èéfín ló ti ṣáájú.

Ó gbé e mọ́ àyà. Ó fi apá méjèèjì yí i ká, ó fi ẹsẹ̀ yí i ká, ó tẹ orí ba lé e, ó sì fi ìrù rẹ̀ bo gbogbo rẹ̀ láti òkè, títí a kò fi rí nǹkan kan mọ́ àfi ìpẹ́.

Iná jó ìlú náà tán. Nígbà tí ilẹ̀ tutù, àwọn ará ìlú wá wò ó. Wọ́n pè é, kò dáhùn. Wọ́n fà á, kò tú. Ọ̀pọ̀lọ́ ní kí òun wú kí òun fi ṣí i, ṣùgbọ́n ìtìjú ti gba agbára lára rẹ̀, ìwọ̀nba àpò kékeré ni ó lè wú mọ. Alágẹmọ fẹ́ súnmọ́ ọn, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó fà á padà, ó tún gbé e, ó tún fà á padà. Ó gbìyànjú láti parẹ́, àwọ̀ rẹ̀ nìkan ló yí.

"Ẹ jẹ́ kí n kì í," ni Ẹ̀gà wí. "Bí ó bá gbọ́ oríkì, yóò dìde."

Òkété ní, "Ẹ̀gà, jọ̀wọ́, má ṣe é."

Ṣùgbọ́n Ẹ̀gà ti bẹ̀rẹ̀. "Akika, ìpẹ́ lẹ́wù, ìpẹ́ láṣọ..."

Bí orúkọ náà ti dé etí rẹ̀, ìpẹ́ náà ró jìgìjìgì. Ó tún ká sí i. Ó ká títí kò fi sí ibi tí a lè fi ọwọ́ kàn lára rẹ̀ tí kì í ṣe ìpẹ́.

Àwọn ará ìlú wo ara wọn. Kò sí ẹni tó sọ pé ìlú ti tú. Olúkúlùkù kàn gbé ẹrù rẹ̀, ó gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Òkété wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ, ìdajì ìrù rẹ̀ sì funfun títí di òní nítorí eérú ọjọ́ náà. Ẹ̀gà lọ sórí ọ̀pẹ, ó ń pariwo níbẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, kò sì sí ẹni tó ń dúró gbọ́.

Àtọjọ́ yẹn ni gbogbo ìran Akika kò ti fi ọmọ sílẹ̀ sílé mọ́. Orí ìrù ni ó ń gbé e sí, ibi tí ó bá ń lọ ni ọmọ ń bá a lọ. Àtọjọ́ yẹn náà ni kò ti gbé orí sókè, tí a kò sì gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí ó bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀, bí ó bá gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ti ọ̀tá, ì báà jẹ́ ti ọ̀rẹ́, kì í dúró kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n wá sọ. A tẹ orí ba, a ká apá, a ká ẹsẹ̀, a fi ìrù bò ó. Bí ẹ bá lágbára tó láti tú u, ẹ ó rí i pé kò sí nǹkan kan láàárín apá rẹ̀ tí ó ń dì mọ́ àyà bẹ́ẹ̀.