Ẹsẹ̀ Tí Olùkọ́ Fà

Ọkùnrin kan wà ní erékùṣù kan ní gúúsù ilẹ̀ Japan, tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní kàrátè, ìjà ọwọ́ òfìfo. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, orúnkún rẹ̀ wú, kò ṣe é tẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an sì ni àwọn àgbà erékùṣù fẹ́ wá wo ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Fífò ni ìgbésẹ̀ keje nínú ẹ̀kọ́ náà. Apẹja ni àwọn tó dá a sílẹ̀. Bí ìjà bá dé létí omi, àjẹ̀ ọkọ̀ ni wọ́n fi ń gbá ara wọn lójúgun. Ẹni tí kò bá fò, eegun rẹ̀ á ṣẹ́. Olùkọ́ kò lè fò lọ́jọ́ náà, ojú sì tì í láti sọ pé orúnkún ń dun òun. Ó kàn fa ẹsẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn àgbà yìn ín. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé tó bá di ọ̀la, òun á ṣàlàyé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun.

Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wọn, akẹ́kọ̀ọ́ kì í béèrè. Wò ó, ṣe é, pa ẹnu mọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, gbogbo wọn ti ń fa ẹsẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló ṣì fò, ni wọ́n bá fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọ̀pọ̀lọ́! O ò rí i pé Bàbá ti yí i ni?"

Olùkọ́ gbọ́. Ó dákẹ́. Orúnkún san, ó ṣì dákẹ́, torí wọ́n ti ń sọ pé ìrẹ̀lẹ̀ ni ẹsẹ̀ fífà náà ń kọ́ni.

Ní ọdún kẹrin, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní èbúté. Akẹ́kọ̀ọ́ tí Olùkọ́ fẹ́ràn jù bọ́ sáàárín láti là wọ́n. Kò lu ẹnikẹ́ni, torí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ni pé ọwọ́ àkọ́kọ́, ọwọ́ ààbò ni. Ẹnì kan fi àjẹ̀ gbá a nísàlẹ̀. Dípò kó fò, ẹsẹ̀ ló fà. Ojúgun ṣẹ́, ọgbẹ́ náà kẹ̀, kò sì jinná.

Lórí ẹní tó dùbúlẹ̀ sí, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Bóyá n ò fà á dáadáa ni."

Kí Olùkọ́ tó sọ òtítọ́ fún un, akẹ́kọ̀ọ́ náà ti kú.

Bọ̀dá Adémúyìwá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní kàrátè, orí ìkúnlẹ̀ ni mo sì wà tí mo fi ń sọ ọ́. Látìgbà tí èjìká ti ń dùn yín, ẹ kì í gbé apá kọjá etí mọ́, ẹ ò sì sọ ìdí rẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín lónìí. Àwọn mọ́kàndínlógún ló ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ yín báyìí, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń dáàbò bo orí.