Kẹ̀kẹ́ Tí Gbogbo Àdúgbò Bá Olùkọ́ Yẹ̀ Wò

Èmi kò mọ nǹkan kan nípa kẹ̀kẹ́ o. Mo kàn mọ̀ pé ó ní ẹsẹ̀ méjì, àti pé ẹni tí kò bá tẹ̀ ẹ́ yóò ṣubú. Ní ti ọ̀rọ̀ ọkọ fífẹ́ tí o gbé wá yìí, ọmọ mi, ibẹ̀ gan-an ni mo ti gọ̀ jù. Nítorí náà, má retí ọgbọ́n lẹ́nu mi. Fi àpò rẹ sílẹ̀, jókòó dáadáa, kí n sọ èyí tí mo gbọ́ fún ọ.

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ olùkọ́. Inú ìlú ló ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, tí orúnkún kò jẹ́ kó rìn dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n abúlé kan lẹ́yìn oko kòkó ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọ̀nà ibẹ̀ ní ìwà méjì. Láti ìlú dé ibi tí wọ́n ti ń la pákó, ọ̀dà ni, ó ń dán bí orí apárí. Láti ibi ìlapákó dé ilé ìwé, ilẹ̀ pupa ni, pẹ̀lú gbòǹgbò igi, yanrìn, àti afárá pákó kan tó máa ń mì bí eyín arúgbó. Ọ̀kadà ni olùkọ́ ń gùn lọ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí epo ọkọ̀ gbówó lórí, ọlọ́kadà bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de èrò kejì àti ìkẹta kó tó gbéra, olùkọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ dé ibi iṣẹ́.

Ọ̀gá ilé ìwé náà, obìnrin kan tí kì í pariwo, tí gbogbo ènìyàn sì ń bẹ̀rù nítorí ìyẹn gan-an, pè é sẹ́yìn kíláàsì. Ó rọra sọ fún un pé tó bá tún pẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òun yóò ní kí ìjọba gbé e lọ sí ìpẹ̀kun ìpínlẹ̀, níbi tí kò ti sí ẹni tí yóò bínú bó bá pẹ́. Olùkọ́ kò ro ti ara rẹ̀. Ó ń ro ẹni tí yóò máa pọn omi fún ìyá rẹ̀, ẹni tí yóò máa mú un dìde láàárọ̀.

Ó bá kọjá abúlé náà, ó lọ sí ìlú ọlọ́jà tó wà níwájú rẹ̀, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀. Ìyẹn fi kẹ̀kẹ́ ológeere kan hàn án. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ eré ìje tí táyà rẹ̀ tín-ín-rín bí okùn, kì í sì í ṣe kẹ̀kẹ́ orí òkè tí táyà rẹ̀ rí ṣákiṣàki bí ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọ́. Àárín ló wà. Ọwọ́ rẹ̀ tọ́, ó ní jíà mélòó kan, ó sì ní ṣọ́ọ̀kì kékeré níwájú, tó ń gba gbígbọ̀n ọ̀nà. Ọlọ́jà náà kò purọ́, ìyẹn sì ni ohun àrà kan ṣoṣo nínú ìtàn yìí. Ó ní kẹ̀kẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Kò ní sáré pa ẹnikẹ́ni, kò sì ní gun òkè àpáta, ṣùgbọ́n yóò lọ lórí ọ̀dà, yóò sì lọ ní ọ̀nà oko tí kò bá le jù. Ó ní kí olùkọ́ gbé e lọ, kó gùn ún wò. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó wá san owó rẹ̀ bó bá yá; bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó dá a padà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Olùkọ́ kò gùn ún délé. Ó dì í sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù kan. Ó ní kó má baà dọ̀tí kí àwọn ènìyàn tó rí i.

Ṣé o mọ̀ wá. Ẹni tó bá ra nǹkan láàárín wa, tí kò ní kí àgbà bá òun wò ó, agbéraga ni. Ẹni tí wọ́n bá sì pè pé kó wá wò ó, tó ní òun kò mọ̀ nípa rẹ̀, ó ti já ara rẹ̀ kulẹ̀. Nítorí náà, kò tíì sí ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀ níwájú ilé wa tí ẹnì kan kò mọ̀. Olùkọ́ fi kẹ̀kẹ́ ti igi àgbálùmọ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó.”

Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni ọkùnrin kan tó fi kẹ̀kẹ́ díje nígbà èwe rẹ̀, tí ikùn rẹ̀ sì ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi gbogbo báyìí. Ó fọwọ́ tẹ táyà, ó mi orí. Ó ní táyà yìí ti sanra jù. Ó ní ọwọ́ tó tọ́ báyìí, ti ọ̀lẹ ni. Kẹ̀kẹ́ gidi gbọ́dọ̀ mú kí ènìyàn tẹ̀ kóló bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Ilé rẹ̀ kò jìnnà ju ibi tí wọ́n ti lè pe ènìyàn kó jẹ́, síbẹ̀ ọ̀kadà ló gbé e wá.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ ru epo pupa láti oko dé. Ó fọwọ́ tẹ táyà kan náà, ó ní ó tín-ín-rín jù. Ó yí lọ sẹ́yìn, kò rí ibi ìgbẹ́rù. “Tísà, ibo lẹ máa di kẹ́ẹ̀gì mọ́?” Olùkọ́ ní òun kì í ru epo. Ó ní, “Ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ kì í mọ ọjọ́ tí epo máa wá.” Ó bá gbé kẹ́ẹ̀gì epo lé orí ìjókòó. Kẹ̀kẹ́ ṣubú, kẹ́ẹ̀gì ṣubú lé e, ó sì yíjú sí àwọn tó dúró pé, “Ẹ ti rí i.”

Ìyá ìjọ kan, tí kò gun kẹ̀kẹ́ rí láyé rẹ̀, ní kò sí ohun tó bo táyà ẹ̀yìn. Ẹrẹ̀ ni yóò máa kọ ìwé sí olùkọ́ lẹ́yìn. Òótọ́ ló sọ níbẹ̀, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé bí àwọn ènìyàn bá rí ọ̀mọ̀wé lórí irú nǹkan báyìí, wọ́n á ní ayé ti ń bá a jà.

Kí oòrùn ọjọ́ ìsinmi tó wọ̀, kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ti sanra jù, ó ti tín-ín-rín jù, ó sì ti di àjẹ́. Bí gbogbo ènìyàn bá ní ohun kan kò dára, tí ẹnu wọn kò sì kò lórí ìdí rẹ̀, ó yẹ kó ya ènìyàn lẹ́nu. Kò ya olùkọ́ lẹ́nu. Ìwé tó ti kà ti pọ̀ jù. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun yóò dá a padà, ìyá sì ń fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀, torí òun náà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, olùkọ́ wá ọkọ̀ akẹ́rù, kò rí. Bó ṣe di pé ó gun kẹ̀kẹ́ náà nìyẹn, kó lè lọ dá a padà ní ìlú ọlọ́jà, kó sì fi ẹsẹ̀ sáré padà wá sí ilé ìwé kí agogo tó lù. Ìgbà àkọ́kọ́ tó jókòó lé e nìyẹn.

Lórí ọ̀dà, kẹ̀kẹ́ náà kò fò. Ó kàn ń lọ. Olùkọ́ yí jíà, ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́. Nítorí pé ó jókòó ṣánṣán, ojú rẹ̀ ń rí ọ̀nà jìnnà. Ìyẹn ló fi tètè rí ọkọ̀ pákó tó ń fẹ̀yìn jáde ní ibi ìlapákó láìfọn fèrè. Ó fún bíréèkì. Kẹ̀kẹ́ dúró bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Ó mí kanlẹ̀, ó yà sórí ilẹ̀ pupa, ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, ó ń retí ìṣubú tí gbogbo àdúgbò ti ṣèlérí fún un. Ìṣubú kò dé. Ṣọ́ọ̀kì kékeré yẹn gba díẹ̀ nínú gbòǹgbò, ìdí olùkọ́ gba ìyókù. Nígbà tó dé ibi yanrìn, táyà ń lúwẹ̀ẹ́. Ó sọ̀kalẹ̀, ó tì í, ó tún gùn ún. Ó kọjá afárá. Ẹrẹ̀ kọ ìwé sí i lẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí ìyá ìjọ ti wí.

Gbogbo àkókò yìí, ó ń to ohun tí yóò sọ fún ọlọ́jà: pé kẹ̀kẹ́ yìí sanra jù, pé ó tín-ín-rín jù. Ẹ̀rín gbé e. Nígbà tó gbójú sókè, ilé ìwé ló rí. Géètì ṣì wà ní títì. Àwọn ewúrẹ́ ṣì ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ó yẹ kó máa lọ sí ìlú ọlọ́jà. Kò lọ. Ó fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri, ó jókòó lẹ́bàá géètì, ó sì mí èémí kan tí ó ti há sí i láyà láti ọjọ́ tí wọ́n ti pè é sẹ́yìn kíláàsì. Ibẹ̀ ni ọ̀gá bá a.

“Tísà, ṣé ibí lẹ sùn ni?”

“Rárá, mà. Ilé ni mo ti ń bọ̀.”

Obìnrin náà wo kẹ̀kẹ́, ó wo ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. “Kẹ̀kẹ́ ta nìyẹn?”

Olùkọ́ tó kúrò nílé láti lọ dá ohun olóhun padà dáhùn pé, “Tèmi ni, mà.”

Ọ̀gá na kọ́kọ́rọ́ géètì sí i. Ó ní kó máa bá òun ṣí i láàárọ̀, kó sì wá nǹkan fi bo táyà ẹ̀yìn yẹn.

Nírọ̀lẹ́, nígbà tó délé tó sọ ọ́, ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ sunkún kó tó rẹ́rìn-ín. Gbogbo àdúgbò ní àwọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọmọ mi, ìwọ náà ti fi ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọ yìí ti igi àgbálùmọ̀. Àǹtí rẹ ní ó dákẹ́ jù. Ọ̀rẹ́ rẹ ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ̀gbọ́n rẹ, tó ti kọ ìyàwó sílẹ̀ tó sì tún ń wá òmíràn, ní kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú obìnrin. Ó lè ní ibi yanrìn tí ẹ ó ti jọ sọ̀kalẹ̀. Ó lè ta ẹrẹ̀ sí ọ láṣọ. N kò ní kí o fẹ́ ẹ, n kò ní kí o má fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí o ti jókòó, ẹnu àwọn ènìyàn ni o fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Ìwọ tí o ti ń bá a rìn, kí ni o rí lára rẹ̀?