Àfonífojì Tí Ẹfúnyẹmí Rà

Ẹfúnyẹmí aláró ni opó tó lówó jù ní ìlú Òkè-Ìgbìn. Ìkòkò aró mẹ́rìndínlógún ló wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, ọmọkùnrin méjì ló sì bí. Nígbà tí ogun odò Àwẹ̀rẹ̀ dé, àwọn méjèèjì ló bá ogun lọ. Látóyè, èyí ẹ̀gbọ́n, fa olórí ọ̀tá kan wálé lókùn, ọba sì fi í jẹ Jagun. Bámgbàlà, àbúrò rẹ̀, kò padà. Látóyè ní ọfà ọ̀tá ló bà á ní àfonífojì ẹ̀gbẹ́ odò, àwọn kò sì ráyè gbé òkú rẹ̀.

Láyé ìgbà náà, kíkó ère ajagun jọ ti wọ àwọn olówó ìlú lára. Agbẹ́gilére kan ní Ìsàlẹ̀-Ọjà ló ń gbẹ́ wọn. Wọn kò ga ju ìka àárín lọ: òmíràn di ọfà, òmíràn gun ẹṣin, òmíràn gbé apata. Igba owó ẹyọ ni ọ̀kan. Ẹfúnyẹmí ra odindi ẹgbẹ́ ogun tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá lọ. Ó ní kí wọ́n gbẹ́ Látóyè tòun ti ọ̀kọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ilà àbàjà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bámgbàlà. Ó tò wọ́n sórí ẹní nínú yàrá, ó ń wò wọ́n láràárọ̀, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

"Wọ́n dà bí èrò ọjà tí òjò ká mọ́ abẹ́ igi," ló sọ lọ́jọ́ kan. "Kò sí ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn."

Ojúọlápé amọ̀kòkò ló ń ta irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń fi amọ̀ mọ òkè, igbó, odò àti odi ìlú fún àwọn tó ní ère. Ọjà rẹ̀ wọ́n: òkè kékeré kan tó owó ère mẹ́wàá. Àwọn èèyàn ń kùn, wọ́n sì ń rà á, wọ́n tún ń jìjà dù ú, nítorí pé kì í lo amọ̀ ẹ̀yìnkùlé. Ibi tí ogun ti jà gan-an ló ń lọ, ìrìn ọjọ́ mẹ́rin, kó tó bu amọ̀. Ẹni tó bá gbé òkè Ojúọlápé sílé á mọ̀ pé kì í ṣe òkè lásán. Kì í gbẹ tán. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ pàápàá, ó máa ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí.

Òkè ni Ẹfúnyẹmí kọ́kọ́ rà. Lọ́jọ́ kejì, bó ti ń gbálẹ̀, ó rí i pé àwọn tafàtafà tí òun tò sí ẹsẹ̀ òkè ti wà ní téńté rẹ̀. Ó rò pé ẹnì kan ló fọwọ́ kàn wọ́n. Ó ra igbó. Adìẹ ilé kò gba ẹnu ọ̀nà yàrá náà kọjá mọ́. Ó ra odò. Lọ́sàn-án gangan, ó gbọ́ tí nǹkan ń ṣàn nínú amọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ̀kán omi kan níbẹ̀. Lójoojúmọ́ ni àwọn ère náà ń sún mọ́ etí odò. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n dúró. Gbogbo wọn kọjú sí ibì kan náà, níbi tí kò sí nǹkan kan àfi ẹní.

"Àfonífojì ló kù," ni Ẹfúnyẹmí wí, ó sì gba ilé Ojúọlápé lọ.

"Ìyá, ẹ fi èyí sílẹ̀," ni amọ̀kòkò bẹ̀ ẹ́. "Nígbà tí mo bu amọ̀ ibẹ̀, ńṣe ni ilẹ̀ ń fa ọkọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ilẹ̀ kan wà tí kò fẹ́ kí wọ́n hú òun."

"Ibẹ̀ ni ọmọ mi kú sí. Èló ni?"

"Ọ̀kẹ́ kan."

Ọgọ́rùn-ún ère ni owó yẹn lè rà. Ẹfúnyẹmí lọ kó o wá, ṣùgbọ́n kó tó padà dé, ẹlòmíràn ti ra àfonífojì náà lọ. Ojúọlápé tún rìnrìn àjò, ó tún mọ òmíràn. Owó rẹ̀ di ọ̀kẹ́ méjì, wọ́n sì tún rà á mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Ta ló ń rà á?"

"Ó ní kí n má dárúkọ òun, Ìyá. Gbogbo iye tí mo bá ṣáà ti pè ló ń san."

Ẹfúnyẹmí rò pé ìyàwó Ọ̀tún ọba ni, nítorí òun náà ń kó ère jọ. Ó fi ìbínú lọ ta ìkòkò aró mẹ́wàá. Nígbà tí Látóyè gbọ́, ó sáré wá.

"Ìyá, ohun tó ń bọ́ yín lẹ ń tà nítorí amọ̀!"

"Nítorí àbúrò rẹ ni."

Látóyè dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí òkú sùn."

Ìyá rò pé ìbànújẹ́ ló ń bá a jà. Ó fọwọ́ pa á lórí, ó sì lọ jókòó sí àgbàlá Ojúọlápé títí wọ́n fi mọ àfonífojì kẹta tán. Ọ̀kẹ́ mẹ́rin ló san. Òun fúnra rẹ̀ ló rù ú wálé.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ odò. Odó tí wọ́n ń gún ní ilé kejì dákẹ́ lójijì. Ó yíjú láti nu amọ̀ ọwọ́ rẹ̀ nù, kò pẹ́ ju kí èèyàn mí lẹ́ẹ̀mejì lọ. Nígbà tó tún wo ẹní, àwọn ère yòókù ti pẹ̀yìn dà.

Bámgbàlà dojú bolẹ̀ nísàlẹ̀ àfonífojì. Iwájú rẹ̀ ni ère kan wà tí Ẹfúnyẹmí kò rà rí, inú amọ̀ ló ti yọ jáde fúnra rẹ̀: ọkùnrin tí wọ́n so lókùn. Ọwọ́ Bámgbàlà ni ìdí okùn náà wà. Ère Látóyè dúró lẹ́yìn rẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Ọ̀kọ̀ rẹ̀ gún wọ ẹ̀yìn àbúrò rẹ̀.

Ẹnì kan mí kanlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Látóyè ni.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rà á, Ìyá. Mo fọ́ ọ sódò lẹ́ẹ̀mejèèjì, kí ẹ má baà rí i."

"Ọfà ọ̀tá lo sọ fún mi."

"Òun ló mú olórí ọ̀tá. Mo ní kó fà á lé mi lọ́wọ́, pé èmi lẹ̀gbọ́n. Ó fi mí rẹ́rìn-ín, ó sì kọ ẹ̀yìn sí mi."

Látóyè bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ oyè lọ́rùn, ó gbé e sórí ẹní, ó sì jáde. Ẹnikẹ́ni kò rí i mọ́ ní Òkè-Ìgbìn. Nígbà tí ìyá rẹ̀ tún bojú wo àfonífojì, ère Látóyè kò sí níbẹ̀ mọ́. Ipa ẹsẹ̀ kan ló kù, tín-ín-rín bí ojú abẹ́rẹ́, tó gun òkè lọ.

Àwọn àgbà ìlú wá kí i. Wọ́n bi í pé kí ló dé tí Jagun fi fi ìlú sílẹ̀. Ó fi àfonífojì hàn wọ́n, ó ní, "Ọmọ mi kan kú sí ogun. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi wá bí mo ṣe pàdánù èkejì."

Wọ́n mi orí, wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò sì gbàgbé. Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń fi í pòwe pé: ẹni tó bá wá ìwákúwàá, yóò rí ìríkúrìí.