Oyèníhùn àti Afọwọ́kanlẹ̀

Igi obì mẹ́rìnlá ni ìyá Oyèníhùn fi sílẹ̀ fún un nínú igbó tó wà lẹ́yìn abúlé Òkè-Ìṣápá, ìdí igi mẹ́rìnlá yìí náà ni ó sì ti ń jẹ, tó ti ń mu. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì wà nílé ọkọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tí ènìyàn ń káàánú. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Bí o bá wá a dé ilé lọ́sàn-án tí o kò bá a, kọjá sí ìdí obì. Ibẹ̀ ni wàá ti bá a lórí ìkúnlẹ̀, tó dojú kọ ilẹ̀, tó ń wo eèrà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Eèrà. Ó ń jẹ́ ẹ, kò bínú.

Ó mọ ìjàlọ, tí ń rìn bí ogun, tí à ń kó jáde nílé fún títí yóò fi kọjá. Ó mọ ìkamùdù, tí òórùn rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀ dé. Ó mọ tanpẹ́pẹ́ orí igi, tó jẹ́ pé ẹni tó bá fara kan ẹ̀ka rẹ̀ yóò jó láìgbọ́ ìlù. Ṣùgbọ́n èyí tó fẹ́ràn jù kò tó ìlàjì hóró ọkà bàbà. Òun náà dúdú, àfi bí oòrùn bá ta sí i lẹ́yìn ni ẹ ó rí i pé ó pọ́n díẹ̀, bí epo tó fẹ́ jóná. Ìbàdí rẹ̀ ní kókó méjì bíi ti okùn tí a ta. Bó bá rìn díẹ̀, á dúró, á fi irun méjì tó wà níwájú orí rẹ̀ kan ilẹ̀ bẹ́lẹ́bẹ́lẹ́, bí afọ́jú tó ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà, kó tó tún máa lọ. Kì í gun igi. Kì í ta ènìyàn. Abẹ́ ewé tó ti rà ni ilé rẹ̀. Ìyá Oyèníhùn ló sọ ọ́ ní afọwọ́kanlẹ̀.

Lọ́dún kan, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Ọdẹ́jìnmí tó ń dẹ́mu já bọ́ láti orí ọ̀pẹ. Tanpẹ́pẹ́ ló ta á lójú níbi tó ti ń ta igbà, ó jọ̀wọ́ ara rẹ̀, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì kán. Àánú rẹ̀ ṣe gbogbo ènìyàn. Àmọ́ àánú kò pẹ́ tó fi di wíwá ẹni tí a ó dá lẹ́bi. Ọ̀pẹ náà kò jìnnà sí igi obì Oyèníhùn, eèrà dúdú sì kún ìdí obì náà, gbogbo ayé ló mọ̀. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni tanpẹ́pẹ́ ti ń wá. Ní Òkè-Ìṣápá, iná ni wọ́n máa ń sọ sí ibi tí tanpẹ́pẹ́ bá tẹ̀dó sí. Wọ́n dá ọjọ́ tí wọn yóò sun ibẹ̀, àti igi àti ewé.

Baálẹ̀ Fágbohùn ló ní àṣẹ rẹ̀ lẹ́nu. Ènìyàn rere ni, ṣùgbọ́n oyè rẹ̀ ní èèwọ̀: ẹni tó bá jẹ Baálẹ̀ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ lójú àwùjọ mọ́ títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Bí bàtà bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò wọ̀ ọ́ fún un. Wọ́n ní bí Baálẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀, abúlé ti bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀tá. Ó dáa. Àwọn ọkùnrin yòókù ńkọ́, tí kò sí èèwọ̀ kankan lórí tiwọn? Àràárọ̀ ni wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ níwájú Baálẹ̀, tí imú wọn ń kan erùpẹ̀ tí eèrà ń gbà kọjá, síbẹ̀ kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó la ojú wò ó. Ohun tí ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ fẹ́ tọrọ ni ó ń rò. Kò ráyè eèrà.

Ọjọ́ pé. Gbogbo abúlé dúró sí ìdí obì, ẹ̀gbọ́n Ọdẹ́jìnmí di ògùṣọ̀ mú, ó ń jó lala. Ọdẹ́jìnmí bu tanpẹ́pẹ́ bíi mélòó kan sínú ahá, ó gbé e fún Baálẹ̀. Oyèníhùn náà fi ewé kókò gbé afọwọ́kanlẹ̀ kan dìde nílẹ̀, ṣùgbọ́n eèrà náà kò fẹ́ràn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ó ká jọ sójú ewé, ó dà bí ìdọ̀tí lásán. Baálẹ̀ wo inú ahá, ó wo ojú ewé, ó wo ilẹ̀ láti òkè níbi tó dúró sí. Ó ní dúdú ni méjèèjì, kékeré ni méjèèjì, òun kò rí ìyàtọ̀.

“Ìyá Eèrà, ọwọ́ mi rèé,” ni Ọdẹ́jìnmí wí. “Ṣé eèrà tiyín mọ egungun tò?”

“Mo bá ọ kẹ́dùn, Ọdẹ́jìnmí. Ṣùgbọ́n ohun tó já ọ lulẹ̀, orí ọ̀pẹ ló ń gbé. Èyí kò gun igi rí.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní kó bi eèrà bóyá ó fẹ́ jẹ́rìí. Ọkàn Oyèníhùn ti gbóná, nítorí ó ń wo èéfín ògùṣọ̀ tó ń fẹ́ lọ sára igi tí ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Ó kúnlẹ̀ níwájú Baálẹ̀.

“Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́. Mo gbé e wá bá yín, ẹ rí ohun tó dà. Kò ṣe é gbé wá. Ẹ̀yin ni ẹ ó lọ bá a nílẹ̀. Bí ẹ bá sì wò ó tán tí ẹ ní kí a sun ún, ẹ sun èmi náà mọ́ ọn.”

Ariwo ta. Àwọn àgbà ní ẹnu obìnrin yìí yóò pa á. Baálẹ̀ wo Oyèníhùn títí, ó wo iná. Lẹ́yìn náà ló ṣí fìlà oyè lórí, ó nà án sí Ọ̀tún rẹ̀.

“Ẹ bá mi di Baálẹ̀ mú,” ló wí. “Fágbohùn fẹ́ wo nǹkan.”

Ó sì kúnlẹ̀. Orúnkún rẹ̀ dún kẹ́kẹ́. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ lélẹ̀, ó dojú délẹ̀. Ìyọnu wá dé bá àwọn tó kù, nítorí kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ ga ju ẹni tó ń jẹ Baálẹ̀ lọ, fìlà wà lórí ni o, kò sí lórí ni o. Ọ̀tún kúnlẹ̀ pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́. Àwọn àgbà dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Ọdẹ́jìnmí kò lè di iná mú kó tún sùn sílẹ̀, ló bá tẹ ògùṣọ̀ bọ iyanrìn, iná náà kú. Gbogbo Òkè-Ìṣápá wà lórí ikùn, àti fún ìgbà àkọ́kọ́, ojú wọn là.

Afọwọ́kanlẹ̀ ń bọ̀ ní ìlà kan. Wọ́n rìn, wọ́n dúró, wọ́n fọwọ́ kan ilẹ̀. Àwọn kan ń wọ́ kòkòrò funfun kan jáde lára obì tó já sílẹ̀, wọ́n ń fà á bí àwọn tó ń fa ọkọ̀ gòkè odò. Ọdẹ́jìnmí na ọwọ́ tí wọ́n dì sí ojú ọ̀nà wọn. Wọ́n gun ún, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ níhà kejì. Wọn kò ta á. Baálẹ̀ ki ìka kan bọ inú ahá tanpẹ́pẹ́, ó sì yára fà á yọ, ó ń gbọn ọwọ́.

“Kíní funfun yìí,” ló wí, “òun ló jẹ obì tèmi tán lọ́dún èṣí. Ìyá, báwo ni mo ṣe lè pe àwọn wọ̀nyí wá sílé?”

“Wọn kì í gba ìpè. Ẹ má gbá ewé tó bá já sílẹ̀ kúrò nídìí obì. Wọ́n á wá.”

Iná kò kan ìdí obì Oyèníhùn mọ́ láéláé. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnì kan bá na ọrùn ṣánṣán tó fẹ́ dá ẹjọ́ ohun tí kò wò, àgbà Òkè-Ìṣápá kan yóò fi òwe bu omi tútù sí i lọ́kàn pé: ìdúró la fi ń wo ìrókò, ìbẹ̀rẹ̀ la fi ń mọ eèrà.