Ọwọ́ Tó Wà Lára Ìkòkò Iyùn

"Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀." Ta ni kò tíì gbọ́ ọ rí? Ọmọdé tó ń jà níta pàápàá mọ̀ ọ́n wí. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè irú eérú tó jẹ́, kí ẹ wá wo bí wọn yóò ṣe máa wojú ara wọn.

Eérú ààrò ni. Opó kan wà tó ń jẹ́ Móríyelé, kò bímọ, ìkòkò ló ń mọ. Yàrá kan ṣoṣo ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, Láṣẹ́hìndé, àbúrò ọkọ náà, sì ń fojú sí yàrá náà. Nígbà tí ọyẹ́ mú, wọ́n wá iyùn tí àwọn ọmọbìnrin ilé fi ń ṣègbéyàwó tì nínú ìkòkò tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí lẹ́bàá ààrò, níbi tí eérú ti máa ń bò ó.

Láṣẹ́hìndé ló kọ́kọ́ lanu: "Ta ló mọ ìkòkò yẹn, bí kò ṣe opó yìí? Kò kúkú lọ́mọ tí ojú yóò tì."

Bí ìkíni ṣe dá nìyẹn. Bí Móríyelé bá kúnlẹ̀ kí àgbà, òrùlé ni wọ́n á máa wò. Òun nìkan ló ń se ọbẹ̀, òun nìkan ló ń jẹ ẹ́, ó sì dùn ún dé egungun.

Olórí ẹbí ní kó wá fọwọ́ lé ìkòkò náà búra, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó kẹ́rù rẹ̀ kúrò nílé. Wọ́n gbé e jáde tòun ti eérú tó bò ó. Atẹ́gùn ọyẹ́ fẹ́, eérú sì gbọ̀n dànù, àfi níbì kan. Kùkù àgbàdo ni Móríyelé fi ha ara ìkòkò náà nígbà tó ń mọ ọ́n. Ara rẹ̀ rí ṣákaṣàka, ó sì ti fa àdín tí olè fi pa ọwọ́ nítorí ọyẹ́ mu. Níbẹ̀ ni eérú lẹ̀ mọ́, ní àwòrán ọwọ́ èèyàn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," Móríyelé wí, ó na ọwọ́ tirẹ̀ jáde, "ẹ wo ọwọ́ yìí. Ìka àárín rẹ̀ gé. Tèmi rèé, gbogbo rẹ̀ pé."

Kò sẹ́ni tó béèrè ọwọ́ ta ni. Gbogbo ilé ló mọ pàkúté tó gé Láṣẹ́hìndé níka.

"Kí lo da eérú sí i fún?" olórí ẹbí bi Láṣẹ́hìndé.

"Kó lè dà bí èyí tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn ni, Bàbá."

Wọ́n rí iyùn gbà, wọ́n bẹ Móríyelé, ó ní kò sí wàhálà. Ilẹ̀ ṣú, oníkálukú wọlé tọ àwọn èèyàn tirẹ̀ lọ, Móríyelé náà sì lọ dáná ọbẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo.

Nígbà tí ibi tí èèyàn dì sílẹ̀ fún ẹlòmíràn bá padà wá ká a mọ́, ni àwọn àgbà máa ń sọ pé ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Òdodo ni. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi tu ẹni tí wọ́n fìyà jẹ nínú. Ẹ lọ jókòó tì í, kí ẹ bá a jẹun.