Ẹ̀rọ Tó Bomi Rin Oko Nínú Òjò

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí; bó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Ìbídùn ṣe ẹ̀rọ tí ń bomi rin ọmọ kòkó baba rẹ̀, àsìkò tí yóò máa bomi nìkan ló sì kọ sínú rẹ̀. Òjò ńlá rọ̀. Nígbà tí àsìkò pé, ẹ̀rọ tún tú omi lé ọmọ kòkó lórí. Díẹ̀ ló kù kí gbòǹgbò jẹrà.

"Ìbídùn, ṣé ẹ̀rọ rẹ kò rí òjò ni?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mo rò pé àsìkò nìkan ti tó fún un."

"Ta ló sọ fún ọ pé irin jẹ́ ọmọlúwàbí?"

Ìbídùn jókòó, ó ri irin tí ń mọ ilẹ̀ tútù mọ́lẹ̀, ó sì kọ́ ẹ̀rọ ní èdè kékeré kan, tí baba fúnra rẹ̀ fi pàṣẹ pé: "Bí ilẹ̀ bá tutù, má bomi."

Òjò tún dé. Àsìkò pé, ẹ̀rọ dákẹ́. Ìbídùn mí kanlẹ̀.

Baba na ẹsẹ̀ lórí ẹní. "A sọ odidi fún irin, ó sì gbọ́."