Fọ́tò Ìbejì Tó Lọ sí Kùmásì

Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà nìyí: Ìyá Oyèkúnlé, tí í ṣe àgbà ilé, Àwẹ̀ró, ìyàwó Oyèkúnlé, àwọn ìbejì rẹ̀, Táyé àti Kẹ́hìndé, Rájí awakọ̀, tó gbé lọ́rì rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, àti Ládépò, àbúrò Oyèkúnlé, tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Oyèkúnlé nìkan ni kò sí níbẹ̀, nítorí rẹ̀ sì ni gbogbo wọn ṣe pé jọ sí àgbàlá ní Ìkìrun.

Kùmásì ni Oyèkúnlé wà, ó ń ta aago. Oyún ìbejì wà nínú Àwẹ̀ró nígbà tó lọ. Ó ní òun yóò dé kí ó tó bímọ. Ìbejì ti ń sáré kiri, wọ́n ti ń já ẹran gbà lọ́wọ́ ara wọn, bàbá wọn kò tíì dé. Rájí ló wá jíṣẹ́ pé Oyèkúnlé fẹ́ ra ilẹ̀ kọ́lé sí ọ̀hún, ó sì ní kí wọ́n ya àwọn ọmọ òun ránṣẹ́ sí òun.

Àyà Ìyá Oyèkúnlé já. Ẹni tó bá kọ́lé sí ìdálẹ̀, koríko ti ń hù lójú ọ̀nà ilé rẹ̀ nìyẹn.

“Ládépò,” ni ìyá náà wí, “ya àwọn ọmọ yìí kó dára. Bí ó bá rí ojú wọn kedere, yóò wálé.”

Ọ̀rọ̀ náà wúwo létí Ládépò. Ìbàdàn ni wọ́n ti ń ra fíìmù, ẹyọ fọ́tò kan péré ló sì kù nínú èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Rájí yóò sì ṣí ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Kámẹ́rà Ládépò ti gbó, irin rẹ̀ ti ń yọ lábẹ́ awọ dúdú. Fèrèsé kékeré kan ni Ládépò fúnra rẹ̀ ń gbà wòran lókè. Dígí iwájú ni kámẹ́rà ń gbà ríran ní tirẹ̀. Láàárín fèrèsé yẹn, ẹni kan a máa di méjì: ara rẹ̀, àti òjìji fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí a bá ń yí òrùka tó wà lẹ́nu dígí, òjìji náà a máa rìn díẹ̀díẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ Ládépò níṣẹ́ ti sọ fún un pé, “Yí i títí méjì yóò fi di ọ̀kan. Ìgbà náà ni àwòrán yóò mọ́.” Ṣùgbọ́n ọ̀gá náà kò sọ ohun tí ènìyàn yóò ṣe bí àwọn tó fẹ́ yà bá ti jẹ́ méjì láti ọ̀run wá.

Àwọn ọmọ jókòó sórí àpótí, aṣọ kan náà lọ́rùn, irun kan náà lórí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Táyé lẹ̀ mọ́ ti Kẹ́hìndé.

“Ìyàwó wa,” ni Ládépò wí, “wá jókòó tì wọ́n.”

“Adijúríran, ọkọ mi, ẹ fi mí sílẹ̀.” Orúkọ tí Àwẹ̀ró fún un nìyẹn, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, Ládépò kì í sì í ya fọ́tò kó má di ojú kan. “Ṣé ó dárúkọ mi ni? Ọmọ ló ní kí ẹ yà. Ẹ ya ọmọ ránṣẹ́ sí i.”

Ìyá Oyèkúnlé pòṣé. “Ṣé ìbínú lo fẹ́ fi ṣe ọkọ ni?”

Ládépò ní kí àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ńṣe ni wọ́n lejú mọ́ ọn.

“Ẹ tún wọn ṣe o,” ni Rájí wí, “kí bàbá wọn má baà rò pé àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n ti yà wọ́n.”

Àwẹ̀ró kò lè gba ìyẹn mọ́ra. Ó wá dúró síwájú Ládépò, lápá kan, níbi tí òun àti Ládépò rò pé kò lè kan fọ́tò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí Rájí ṣe máa ń fi lọ́rì rìn sẹ́yìn: ó yí ọrùn sẹ́yìn sọ́dọ̀ Ládépò, ó ranjú, ó ń fi ẹnu fọn fèrè ọkọ̀, “Pọ̀ọ́n! Pọ̀ọ́n!” Gèlè bọ́ sí i léjìká. Àwọn ìbejì bú sẹ́rìn-ín, òun náà sì bú sẹ́rìn-ín.

Ládépò ti ń yí òrùka. Òjìji rìn, ó rìn, ó wọ inú ara. Méjì di ọ̀kan. Ó tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó fọ fíìmù náà tó sì tẹ fọ́tò rẹ̀ jáde, ó kọ́kọ́ rò pé omi ni kò mọ́. Àwọn ọmọ dà bí èéfín ìdáná. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀gbẹ́ kan, Àwẹ̀ró ń rẹ́rìn-ín kèékèé, èjí rẹ̀ hàn, ìpéǹpéjú rẹ̀ ṣeé kà. Ládépò wò ó títí, ó wá kígbe pé, “Yéè! Táyé ni mo fi wọ Kẹ́hìndé!” Òjìji Táyé ló wọ inú ara èkejì rẹ̀ tí Ládépò fi rò pé iṣẹ́ ti parí. Ìtòsí ni òrùka ṣì wà, ẹni tó wà nítòsí náà, tí fèrèsé òkè kò fi han Ládépò, ni dígí iwájú sì mú.

Ó gbé e wálé tìtìjú-tìtìjú.

“Ẹ fà á ya!” ni Àwẹ̀ró ké.

“Ìyàwó wa, yíyà ni wọ́n kọ́ mi, wọn kò kọ́ mi ní fífàya.”

Ìyá Oyèkúnlé gba fọ́tò náà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì nà án sí Rájí. “Mú un lọ bẹ́ẹ̀. Kò sí òmíràn.”

Ọjọ́ tí lọ́rì Rájí padà dé, Oyèkúnlé ló kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, tòun ti àpótí ẹrù rẹ̀. Ládépò fẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé sá.

“Dúró níbẹ̀!” ni Oyèkúnlé wí. “Ohun tí mo ní kí o yà kọ́ lo yà.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, àwọn ìbejì ló ṣì mí lọ́nà.”

“Mo rí ọmọ bí èéfín, mo rí ìyá wọn bí ọ̀sán gangan. Mo gbé e sínú ìsọ̀ mi. Gbogbo ẹni tó wá ra aago ló ń bi mí pé, ‘Ta ni ẹlẹ́rìn-ín yìí?’ Mo ní ìyàwó mi ni. Wọ́n ní, ‘Kí wá lò ń wá níbí?’ Ìdáhùn rẹ̀ ni n kò rí tí mo fi di ẹrù mi.”

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ kí ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò kúnlẹ̀. “Ẹ káàbọ̀. Ọmọ lẹ ní kí wọ́n yà. Ẹ wá wò wọ́n, kò sí èéfín lára wọn mọ́.” Ẹ̀rín sọ ní gbogbo àgbàlá. Oyèkúnlé kò sì ra ilẹ̀ ní Kùmásì mọ́ láéláé.

Láti ọjọ́ náà, bí ènìyàn bá fojú sí ibì kan tí oore sì gba ibòmíràn yọ sí i, òwe tí àwọn àgbà ilé wa ń pa ni pé: Ìbejì ni ayàwòrán fojú sùn, ìyá wọn ni kámẹ́rà rí. Ìbídùnní, ìwọ tí mo ń sọ ìtàn yìí fún, bí wọ́n bá pa á lójú rẹ, má kàn rẹ́rìn-ín lásán. Sọ fún wọn pé ìran Àwẹ̀ró ni ìwọ.